Ta Ni Ẹni-Òróró ní Lekki?

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Lekki lọ sí Ajah ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò gbọ́ fèrè ìwo àgbò láti ilé ìjọsìn tó ju ẹyọ kan lọ. Yóò rí ìborùn funfun aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí àwọn Júù fi ń gbàdúrà, lọ́rùn àwọn tí kò bá Júù kan jókòó rí. Yóò rí lẹ́tà méjì, JP, lẹ́yìn orúkọ onílé lára géètì, láti fi hàn pé ẹni náà ti rìnrìn àjò mímọ́ dé Jerúsálẹ́mù. Ìgò kékeré òróró ólífì wà lórí àtẹ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìwo tàbí nítorí ìborùn. Ìjà mi ni pé a ti kó gbogbo ẹrù àwọn Hébérù wálé tán, a sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ni ẹrù náà sí ẹ̀yìn odi. Ọ̀rọ̀ náà ni Mèsáyà.

Ní èdè Hébérù, Mèsáyà kò ju ẹni tí a fi òróró pa lára lọ. Ìtumọ̀ yìí kò lè ṣòro fún Yorùbá kankan, nítorí àwa náà mọ ohun tó ń jẹ́ kí á fi àdí pa ọmọ lára. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ aṣíwájú wọn, rí i kedere, wọ́n sì kọ ẹni-òróró. Lójú tèmi, ó sún mọ́ ilé ju Kristi tí a yá lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ. Wọ́n ń da òróró sí orí àlùfáà, wọ́n sì ń dà á sí orí ọba: Samuẹli da á sí Saulu lórí, ó tún da á sí Dafidi lórí. Kódà Kirusi, ọba Páṣíà tó gba Bábílónì ní ọdún 539 kí a tó bí Jésù, tí kò mọ Ọlọ́run Ísírẹ́lì rárá, ìwé Isaiah pè é ní ẹni-òróró nítorí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, pé kí àwọn ìgbèkùn lè padà sílé. Iṣẹ́ ni òróró náà ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá gbà á ti di ẹni tí a ó máa bi léèrè iṣẹ́.

Kí ni ọ̀rọ̀ yìí wá dà lọ́wọ́ wa? Ó di asà. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ná owó tí a ti ń dá fún ilé ìjọsìn láti ọdún mẹ́ta. Wọn yóò rán yín létí pé ẹni-òróró kì í ṣe ẹni à ń fọwọ́ kàn. Ẹ béèrè ìdí tí ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀, tó ń to àga, tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò fi gba owó oṣù. Èsì kan náà ni. Mo ti gbọ́ èsì yìí títí, ó ti sú mi. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn tó ń sọ ọ́ gbà pé Bíbélì wà lẹ́yìn àwọn.

Inú Sáàmù 105, ẹsẹ 15, ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Mo bẹ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 12, kí ẹ wo àwọn tí Sáàmù náà ń sọ̀rọ̀ wọn. Abrahamu, Isaaki àti Jakọbu ni, nígbà tí wọn kò tíì pọ̀, tí wọ́n jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń ṣí kiri láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan dé òmíràn. Wọn kò ní odi, wọn kò ní ìlú, kò sì sí ibì kan nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì tí ẹnikẹ́ni ti da òróró sí wọn lórí. Ta wá ni Ọlọ́run ń kìlọ̀ fún? Àwọn ọba ni. Farao mú ìyàwó Abrahamu lọ sí ààfin rẹ̀, Abimeleki náà mú un. Irú àwọn alágbára bẹ́ẹ̀ ni a sọ fún pé kí wọ́n káwọ́ kúrò lára àlejò tí kò ní alágbàwí. Aláìnílẹ̀ ni ẹni-òróró inú ẹsẹ náà. Àwa la yí aṣọ yẹn sódì, tí a gbé e wọ alágbára, tí a sì ní kí aláìnílẹ̀ panu mọ́.

Kò sì sí ibi tó yẹ kí ìyàtọ̀ yìí ti hàn sí ènìyàn tó etí omi wa yìí. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje péré, lẹ́yìn náà wọ́n wó ìlú náà palẹ̀. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ìyẹn 300,000, ni kò nílé mọ́. Díẹ̀ nínú wọn ni a kó lọ sí Ilasan àti Ikota, àwọn yòókù fọ́n ká. Lónìí a ń gba àárín Ilasan kọjá lọ sí ìsìn, òróró wà nínú àpò wa, a kì í rántí pé àwọn tí wọ́n ń ṣí kiri ni Sáàmù ń pè ní ẹni-òróró.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn yóò ní Dafidi kọ̀ láti pa Saulu nítorí òróró tó wà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni, ohun tó dára ló ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni Dafidi ṣe lẹ́yìn tó kọ̀ láti pa á? Ó gé etí aṣọ ọba nínú ihò àpáta, ó jáde síta, ó na aṣọ náà sókè lójú gbogbo ọmọ ogun, ó bi Saulu léèrè ìdí tó fi ń lépa òun, ó sì pe Ọlọ́run láti ṣe onídàájọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀tọ̀ ni kí á má pa ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí á má bi í léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí ó kan Dafidi fúnra rẹ̀, tó gba ìyàwó Uria, Natani wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ó sì nàka sí i. Dafidi kò ní kí wọ́n ti Natani síta. Samuẹli, tó da òróró náà, dúró níwájú gbogbo ìlú nígbà tó darúgbó, ó bi wọ́n léèrè màlúù ta ni òun gbà àti ta ni òun rẹ́ jẹ, ó sì fi ẹni-òróró ṣe ẹlẹ́rìí ìṣirò tí òun ń ṣe. Bí àwọn Hébérù ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ẹni-òróró wà níbi tí wọ́n ti ń ṣírò.

Àwa Yorùbá pàápàá kò ṣàjèjì sí irú èyí. Ewé akòko ni à ń fi sí orí ẹni tí a bá fi joyè, à ń kí i ní kábíyèsí, síbẹ̀ bí Aláàfin bá di òǹrorò ní Ọ̀yọ́ Ilé, Ọ̀yọ́ Mèsì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i. (Ẹ má bẹ̀rù, n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé igbá ránṣẹ́ sí pásítọ̀. Ìwé ìṣirò owó ni mo ń sọ.)

Ẹ jẹ́ ká tún ṣí ìwé Jeremiah, orí 22, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ dà bí èyí tí a kọ fún ojú ọ̀nà Lekki. Jehoiakimu ọba, ọmọ ìdílé Dafidi, kọ́ ilé ńlá: yàrá gbàràmù, fèrèsé gbàràmù, igi kedari, ọ̀dà pupa lára ògiri. Ó kó àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́, kò sì san owó ọ̀yà wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe Hébérù tí Jeremiah lò fún ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé yẹn ni ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí a ti yọ Mèsáyà jáde. Ọba tí a fi òróró pa lórí di ẹni tó ń fi ọ̀dà pa ògiri. Wòlíì wá rán an létí Josiah bàbá rẹ̀, tó ń gba ẹjọ́ tálákà àti aláìní rò, ó sì bi í bóyá kì í ṣe ìyẹn gan-an ni mímọ Ọlọ́run. N kò mọ ìwàásù mìíràn tó le jù ú lọ fún ẹni tó ń kọ́ ilé tí kò sanwó fún bíríkìlà.

Bí àwọn ọba bẹ́ẹ̀ ṣe ń já wọn kulẹ̀ ni ìrètí àwọn Hébérù ń gbòòrò sí i, pé ẹni-òróró kan ń bọ̀ tí yóò dá ẹjọ́ tálákà bó ṣe yẹ. Wọn kò sì dáwọ́ ìbéèrè dúró. Nígbà ogun Bar Kokhba, láti ọdún 132 dé 135, Rábì Akiva, àgbà láàárín àwọn àgbà, kéde pé jagunjagun náà ni Mèsáyà. Rábì mìíràn dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé koríko yóò ti hù lẹ́rẹ̀kẹ́ Akiva kí Mèsáyà tó dé. Tálímúdù Jerúsálẹ́mù pa ohùn méjèèjì mọ́. Wọn kò pa ohùn ẹni tó ta ko àgbà rẹ́. Ẹ fi èyí wé ti Èkó wa, nígbà tí Odùmósù, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Jésù Ọyìngbò, pe ara rẹ̀ ní Jésù tó padà wá, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń bá a gbé nínú ọgbà rẹ̀, tó sì rí bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní 1988. Ta ló bi í léèrè nínú ọgbà yẹn?

Jésù ti Násárétì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tó ka ìwé Isaiah nínú sínágọ́gù ìlú rẹ̀, ó ní nítorí ìhìn rere fún tálákà àti ìtúsílẹ̀ àwọn tí a dè ni a ṣe fi òróró yan òun. Nígbà tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi sì ránṣẹ́ láti inú ẹ̀wọ̀n láti béèrè bóyá òun ni ẹni tí wọ́n ń retí, kò bínú, kò fi ẹnikẹ́ni gégùn-ún. Iṣẹ́ ló kà fún àwọn ìránṣẹ́ náà: afọ́jú ń ríran, arọ ń rìn, tálákà ń gbọ́ ìhìn rere. Bí Mèsáyà bá jíyìn nígbà tí a bi í, ta ni nínú yín ni kò yẹ kó jíyìn?

Mo ní ọjọ́ kan tí mo fẹ́ kí á rántí. Otodo Gbame wà létí ọ̀sà nítòsí Lekki Phase 1, ìlú àwọn apẹja, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Ẹ̀gùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ ti ní kí ẹnikẹ́ni má wó ibẹ̀, iná àti katapílà sọ ènìyàn bí 30,000 di aláìnílé. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni àwọn ọlọ́pàá lé kúrò pátápátá ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, 2017. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Ọjọ́ Ìsinmi Ìmọ̀-Ọ̀pẹ ni, ọjọ́ tí a ń rántí bí ẹni-òróró ṣe wọ Jerúsálẹ́mù. Ní gbogbo ilé ìjọsìn tó wà lójú ọ̀nà yìí ni a ti ń ju ìmọ̀ ọ̀pẹ, tí a ń kọ Hòsánnà. Ọ̀rọ̀ Hébérù sì ni Hòsánnà náà. Igbe ni, kì í ṣe ìyìn. Ohun tó túmọ̀ sí ni, jọ̀wọ́, gbà wá. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ọmọ àti àwọ̀n wọn, ń ké e ní èdè tiwọn. N kò sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan ló rán katapílà, n kò sì sọ pé kò sí Kristẹni tó ṣàánú. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn náà lòdì sí òfin. Adájọ́ ló sọ ọ́. Àwa tí ọ̀rọ̀ Mèsáyà wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ ló yẹ kí á ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọ wa láti Lekki dé Ajah kò pọ̀. Kí wọ́n ka ìṣirò owó ọdún sétí ìjọ, kí àyè ìbéèrè sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n san owó oṣù ẹni tó ń gbálẹ̀ kí wọ́n tó kun ògiri. Bí wọ́n bá fẹ́ ka Sáàmù 105, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 12. Bí ìjọ kan bá sì fẹ́ ra ilẹ̀ létí ọ̀sà, kí wọ́n tó gbé òróró lọ dà sórí ìpìlẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ibi tó ń sùn báyìí.