Etí Ìyá Kò Di, Sípíkà Ni Kò Sí

Bí ẹ bá gba Kraké kọjá lálẹ́, lẹ́bàá ibodè Benin àti Nàìjíríà, fíìmù Yorùbá ni ẹ óò máa gbọ́ láti ilé dé ilé. Ẹ óò gbọ́ ìlù, ẹ óò gbọ́ igbe. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ gan-an ni ẹ lè má gbọ́.

Ìyá àgbà kan tí a bá wo fíìmù lọ́sẹ̀ tó kọjá ní etí òun ló ti ń di. A kò gbà. Ẹ̀rọ hóòmù tíátà wọn ló jẹ̀bi.

Tòkúnbọ̀ ni ẹ̀rọ náà, bíi ti ọ̀pọ̀ wa. Sípíkà mẹ́rin ló bá a dé dípò márùn-ún. Ti àárín kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀. Dolby Pro Logic tó jáde ní 1987, àti Pro Logic II tó tẹ̀lé e ní 2000, máa ń gba ohùn oníhà méjì, wọ́n á wá wo èyí tó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á sì darí rẹ̀ sí sípíkà àárín. Ohun tó bá yàtọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì í sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ló sábà máa ń dọ́gba. Bí Center bá wà ní Small tàbí Large nínú Setup, tí kò sì sí sípíkà lẹ́nu wáyà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sínú òfìfo nìyẹn. A yí i sí None, ẹ̀rọ sì pín ọ̀rọ̀ padà sí ọ̀tún àti òsì. Kíá ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí bú ọkọ inú fíìmù.

Ẹni tí sípíkà àárín tirẹ̀ wà ní ìrọ̀rùn: kó fi sí Movie, kó sì gbé Center sókè díẹ̀.

Orin ni ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wa kò bá ara mu. Wọ́n ní sípíkà márààrún gbọ́dọ̀ pariwo, nítorí wọ́n ti sanwó wọn. Níbi àríyá, a gbà, kò sẹ́ni tó jókòó sójú kan níbẹ̀. Nínú ilé ńkọ́? Gángan ń sọ̀rọ̀, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ la fi ń mọ ohun tó ń wí. Pro Logic máa ń fi ohùn ẹ̀yìn falẹ̀ díẹ̀ sí ti iwájú. Bí ìlù bá wá ń dún níwájú, tó tún ń dún lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Orin Sunny Adé, Stereo lásán ló tọ́ sí i.

Ẹ̀yin tó ń tà á, ìròyìn rédíò ni kí ẹ fi máa dán an wò níṣojú oníbàárà, ẹ yéé fi orin tó ń mi ògiri dán an wò. Ohùn ẹnìkan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀, àárín ló ń lọ. Bí a kò bá gbọ́ ọ, owó wa ń padà sápò.