Géèmù Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

Àwọn kan nínú yín ti bi wá léèrè pé ṣé gbogbo géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ yàgò fún ni. Rárá o. Ọ̀kan wà tí àwa gan-an fẹ́ràn, a kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Orúkọ rẹ̀ ni Carmen Sandiego.

Ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ Broderbund ní Amẹ́ríkà gbé èyí àkọ́kọ́ jáde fún kọ̀ǹpútà. Carmen Sandiego ni ọ̀gá àwọn olè, obìnrin aláṣọ pupa àti fìlà pupa. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a jí ohun iyebíye ìlú kan, wọn a sì sá lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọ tó ń ṣe géèmù náà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí yóò lé wọn bá. Yóò wádìí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọn a sì fún un ní àmì. A lè sọ fún un pé olè náà lọ sí ìlú tí àsíá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa, tí Odò Ọya sì ṣàn kọjá níbẹ̀. Ẹni tó mọ máàpù yóò mọ̀ pé Bamako ní ilẹ̀ Málì ni. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ṣí ìwé, nítorí ilé iṣẹ́ náà fi ìwé ńlá kan nípa gbogbo ayé, World Almanac, sínú páálí tí wọ́n fi ń ta á. Ibi tí géèmù náà ti gba ọkàn wa nìyí. Bí ọmọ bá sì fi ìkánjú wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú tí kì í ṣe, wákàtí tí wọ́n fún un yóò máa lọ. Bí ó bá kọ orúkọ ẹlòmíràn sínú ìwé àṣẹ tí a fi ń mú ọ̀daràn, olè yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá kan nínú wa béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìtàn olè náà ni ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa fi ṣeré?" Ìbéèrè tó dára ni. Nínú géèmù àtijọ́, ẹ̀yìn òfin ni ọmọ náà wà, kò sì sí ibi tí a ti yin olè. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí Netflix ṣe láti 2019 dé 2021, ìtàn náà yí padà. Wọ́n ní àwọn olè ló tọ́ Carmen dàgbà, ó kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ó wá ń jí ẹrù olè láti dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ǹjẹ́ ẹni tó jí ẹrù olè kò jalè? Nílé wa, oúnjẹ tutù kí àríyànjiyàn yìí tó parí.

A wá rántí òwe àwọn bàbá wa pé olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? A sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn kan jí ti ọba, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n ti fọn ọ́n. Ní 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn iṣẹ́ ọnà ààfin Benin lọ, wọ́n sì tò wọ́n sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ìlú òyìnbó. Ní oṣù kẹfà 2025, ìjọba Netherlands dá 119 padà nínú wọn. Èyí kì í ṣe géèmù. Ọmọ tó bá mọ ìtàn yìí kò ní fi ọ̀rọ̀ olè ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìdúró wa. Ilé iṣẹ́ Gameloft ló ṣe géèmù tuntun náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 2025, àwọn tó ń sanwó Netflix rí i lórí fóònù wọn. Àwọn tó ní ẹ̀rọ géèmù tàbí kọ̀ǹpútà ní láti dúró di ọjọ́ 4 oṣù kẹta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko! Ìdúró kò ṣàjèjì sí àwa olólùfẹ́ Carmen, nítorí èyí tó jáde fún kọ̀ǹpútà ní 1985, ọdún 1989 ló tó dé orí ẹ̀rọ Sega. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá? PlayStation 4 àlòkù kan tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni ó wà nílé wa ní Ìkòròdú, a kò sì ní Netflix. Gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń fi bíírò fa ìlà sórí kàlẹ́ńdà.

Nígbà tí ariwo wọn pọ̀ jù, a sọ fún wọn pé 30 ìlú ni ó wà nínú géèmù 1985. Bamako wà níbẹ̀, Kigali wà níbẹ̀, Cairo àti Moroni náà wà níbẹ̀. Èkó kò sí. Àkọ́bí wa obìnrin dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwa fi tiwa sí i." Wọ́n gé páálí, wọ́n ya máàpù ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ní kí á bá wọn wá àmì tí olè yóò fi sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú ti tì wá. Ìlú wo ni àwọn Ẹ̀gbá dó tì ní 1865, tí àwọn ọmọ ogun Glover láti Èkó fi wá lé wọn? Ìkòròdú tí a ń gbé ni, ọmọ kankan kò sì mọ̀ ọ́n. Níbo ni ilé iṣẹ́ iná tó lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì wà? Ẹgbìn, nítòsí wa níbẹ̀. Níbo ni ilé ìlọrẹsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣí ní 2023 wà? Ìmọ̀tà. Ìlú wo ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, tó sì ti bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1854? Àwa àgbà pàápàá ń wo ara wa lójú.

A kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà ní Ẹ̀pẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Màmá gbọ́ ìbéèrè náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìlú tí ẹ jókòó sí yìí náà ni! Ẹ mọ ibi tí olè ń sá sí ní Paris, ẹ kò mọ ojúlé yín." Àwọn náà ló rán wa létí Erédò Sùngbọ́, odi àti kòtò àtijọ́ tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ìlú Erédò tó wà lágbègbè Ẹ̀pẹ́ sì ń jẹ́ orúkọ mọ́. Kíá ni àwọn ọmọ fi olè wọn pamọ́ sínú kòtò náà.

Nígbà tí ọjọ́ 4 oṣù kẹta pé, kò sí iná. Dátà tí a rà kò sì tó láti fa géèmù náà wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a tó ṣe é. Ṣé ó dùn? Ó dùn púpọ̀. Carmen ni ọmọ ń jẹ́ báyìí, òun ló ń lé àwọn olè, ó ń fò láti orí òrùlé bí ẹyẹ. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe bí ti 1985, èyí tí àwa àgbà fẹ́ràn jù. Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni pé ó tètè máa ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Géèmù àtijọ́ a máa lé ọmọ lọ sídìí ìwé. Tuntun yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ.

Páálí wọn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ọdún Àjíǹde, àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló béèrè rẹ̀. Wọ́n fi ọjà Ejìnrìn sí i, wọ́n sì ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìmọ̀ràn wa sí ẹ̀yin òbí kò pọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe irú géèmù yìí, ẹ jókòó tì í ní àkọ́kọ́, kí ẹ sì fún un ní wákàtí tó ní òpin. Ẹ gbé máàpù ayé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí orúkọ ìlú kan bá jáde, ẹ béèrè ohun tó so ó mọ́ tiwa: Odò Ọya tó gba Bamako náà ló gba Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja. Bí ohun tí ọmọ ń retí bá sì pẹ́, ẹ má kàn ní kó mú sùúrù. Ẹ fún un ní páálí àti bíírò, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ àgbà tó mọ ìtàn kí àgbà náà tó lọ.

Ilé ni à ń tì í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó dìgbà kan ná.