Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọbìnrin Lọ sí Aginjù

Ọ̀rọ̀ ìjọ Mẹnonít ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò kàn wá. Àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló pe àwọn míṣọ́nnárì Mẹnonít wá sí Kútọnu. Wọn kò wá gba ọmọ ìjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n bá wa dáwọ́ lé, ibẹ̀ sì ni Institut Biblique du Bénin ti jáde, níbi tí ọ̀pọ̀ pásítọ̀ wa ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ti bá wa jókòó nídìí ìwé, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ dùn wá.

Ohun tí à ń jiyàn lé lórí nìyí. Ṣé ó tọ́ kí àwọn obìnrin Mẹnonít dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin wọn, kí wọ́n máa kó wọn lọ sínú igbó tàbí sí ẹ̀bá adágún fún ọjọ́ mélòó kan, láti gbàdúrà, láti ka Bíbélì, láti rìn, láti dákẹ́, láìsí ọkùnrin tó ń pàṣẹ lórí wọn? Ìpàgọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun nínú ìjọ náà. Àgọ́ Laurelville ní Pennsylvania ti wà láti 1943. Ti àwọn ọmọbìnrin nìkan, tí obìnrin ń darí, ni àwọn kan ń fajú ro sí, títí kan àwọn kan láàárín wa níhìn-ín. Èmi ní ó tọ́, ó sì ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká gba àwíjàre àwọn tó ń takò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní àṣà oyìnbó ìgbàlódé ni. Irọ́ ni. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ìjọ Mẹnonít kì í ṣe ti oyìnbó nìkan mọ́: Etiópíà ni ìjọ tó tóbi jù lọ nínú ìdílé wọn wà, Meserete Kristos ni orúkọ rẹ̀. Èkejì, inú igbó ni ẹ̀sìn wọn ti dàgbà. Ní 1525 tí àwọn baba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìrìbọmi fún àgbàlagbà ní Zurich, ìjọba àti ìjọ ńlá dojú ìjà kọ wọ́n. Inú igbó àti inú ihò àpáta ni wọ́n ń sá lọ kí wọ́n tó lè gbàdúrà pọ̀. Obìnrin pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pa. Wọ́n ri Elisabeth Dirks sómi ní ilẹ̀ Netherlands ní 1549. Ní 1573, kí wọ́n tó dáná sun Maeyken Wens ní Antwerp, wọ́n fi irin dè é ní ahọ́n kí ó má bàa wàásù fún àwọn tó wá wòran. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí wọ́n ti fẹ́ pa tán, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń bẹ̀rù.

Bó bá jẹ́ Bíbélì lẹ fẹ́, ẹ ṣí ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 11. Jẹ́ftà jẹ́ ẹ̀jẹ́ lórí ọmọ rẹ̀ obìnrin láìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ náà tọrọ: kí baba yọ̀ǹda òun fún oṣù méjì, kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun obìnrin gun òkè lọ, kí àwọn sunkún níbẹ̀. Baba náà gbà. Lẹ́yìn náà ló di àṣà fún àwọn ọmọbìnrin Ísírẹ́lì láti máa lọ fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọọdún. Baba tó jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ burúkú bẹ́ẹ̀ pàápàá mọ̀ pé ó yẹ kí ọmọbìnrin rí òkè gùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan, kí ló dé tí ẹ fi ń dènà? Hágárì ńkọ́? Aginjù ni Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ní ilé Ábúráhámù tó ti ń ṣẹrú.

Àwa gan-an, ta ni wá láti fi igbó ṣẹ̀sín? Igbó ni Ọ̀ṣọ́fà, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Àjàṣẹ́, wà ní 1947 nígbà tó ń wá igi, tó sì sọ pé ìpè Ọlọ́run bá òun níbẹ̀. Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run tó dá sílẹ̀ lọ́dún náà ti dé gbogbo ayé. Ní Èkó, ní 1925, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, wà lára àwọn tó dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀. Ká ní wọ́n sọ fún un pé ọmọdébìnrin kì í rí ìran, ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún ènìyàn tó ń wọ aṣọ funfun lónìí, níbo ni wọn ì bá wà?

Èkejì, wọ́n ní igbó léwu fún ọmọbìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù, torí ó dà bí ìfẹ́. Ní ìletò Manitoba ní ilẹ̀ Bolivia, níbi tí àwọn Mẹnonít tó di àṣà àtijọ́ mú ṣinṣin ń gbé, àwọn ọkùnrin kan ń fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń mú màlúù sùn gba ojú fèrèsé wọlé lóru, láti nǹkan bí 2005 títí di 2009. Bí gbogbo ará ilé bá ti sùn lọ bí òkú, wọ́n á wọlé fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, àtọmọdé àtàgbà. Àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló fara gbá a. Nígbà tí wọ́n bá jí pẹ̀lú ìrora tí wọ́n sì sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n gbọ́? Wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ni, wọ́n ní Ọlọ́run ló ń jẹ wọ́n níyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn, wọ́n ní àròsọ lásán ni. Àfìgbà tí ọwọ́ tẹ àwọn oníṣẹ́ ibi náà. Ní 2011 ilé ẹjọ́ rán ọkùnrin méje lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 25.

Mi ò sọ pé bí gbogbo Mẹnonít ṣe rí nìyẹn. Ará Pennsylvania kì í ṣe ará Manitoba. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn obìnrin yẹn kò sí ní aginjù. Inú ilé baba wọn, lórí ibùsùn wọn, ni ewu ti bá wọn. Ohun tí wọn kò ní ni ibi tí ọmọbìnrin kan ti lè sọ fún ọmọbìnrin kejì pé, èmi náà rí i. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? Ọmọ ẹni á ní ẹnìkan fọwọ́ kan òun lóru, a ó ní ọkọ ọ̀run ni, a ó mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì, wòlíì á sì ní kí ó wá dá sùn sí ilé àdúrà fún ọjọ́ méje. Ẹ̀yin ará, ta ló wá wà nínú ewu?

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní yóò pín ìjọ níyà. Ìpàdé àwọn ọkùnrin kò pín ìjọ rí, ti obìnrin ni yóò wá pín in? Ẹ wo bí àwa ṣe ń ṣe ìpàgọ́ tiwa. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin a tètè jí pọnmi, wọn a gbé ìkòkò kaná, wọn a ro ọkà fún igba ènìyàn, wọn a fọ abọ́. Bí ìsọjí bá wá gbóná, ìdí ààrò ni wọ́n wà. Ẹni tó ń fẹ́ná fún àwọn aládùúrà, ìgbà wo ni òun fẹ́ gbàdúrà tirẹ̀?

Àmọ́ ṣá o, ọ̀rọ̀ tún kù fún àwọn tó fẹ́ dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ pẹ̀lú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìtara nìkan kò tó. Kí ẹni tó mọ ọ̀nà àti omi ibẹ̀ wà láàárín wọn, kí ẹni tó mọ ìtọ́jú ọgbẹ́ àti ejò wà. Kí òbí mọ ibi tí wọ́n lọ àti ọjọ́ tí wọn yóò dé. Kí ọmọ tálákà lè lọ láìsanwó, nítorí bí ó bá di ọ̀rọ̀ owó, àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ nìkan ni Ọlọ́run yóò máa rí nínú igbó. Kí ẹnikẹ́ni má dá mú ọmọbìnrin kan lọ sí kọ̀rọ̀ láti lé ẹ̀mí jáde lára rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá sọ níbẹ̀, kí wọ́n má gbé e lọ fún pásítọ̀ bí òfófó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ti ṣe é níbi, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà tí yóò ní kí ó dárí jì, kí ó sì dákẹ́.

Òkè kò wọ́n lọ́dọ̀ tiwa náà. Gbogbo oṣù kẹjọ ni àwọn Kátólíìkì ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arígbo ní Ìdáàṣà láti ọ̀nà jíjìn, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé àpáta yóò jẹ wọ́n. Àwọn obìnrin Mẹnonít tó ń bẹ̀bẹ̀ fún aginjù kò tọrọ ju ohun tí ọmọ Jẹ́ftà rí gbà lọ. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìyá ìjọ, kí olúkúlùkù ìjọ wa náà ya ọjọ́ mẹ́rin sọ́tọ̀ lọ́dún fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, kí àwọn ọkùnrin sì ro ọkà fún ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Ìjọ wo ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?