Máàkì JAMB àti Èsì WAEC Níbi Gbígba Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin gbọ́dọ̀ ṣe UTME, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí àjọ JAMB ń ṣe lórí iṣẹ́ mẹ́rin, tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 400. Ó sì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, ìyẹn C6 sókè, nínú ìdánwò àṣejáde girama, WAEC tàbí NECO, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ yóò wà lára wọn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, máàkì JAMB ló ń wúwo jù, tí ẹni tó gba A1 àti ẹni tó gba C6 nínú WAEC sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgba.

Àmọ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, tó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìlọrin rí, fi omijé jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà UTME ọdún náà, débi pé ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù Ìlà-Oòrùn ní láti tún ìdánwò ṣe. Bí àṣírí náà kò bá tú ńkọ́?

Lóòótọ́, èèrí ìjíwèéwò wà lára WAEC náà. Síbẹ̀, lítíréṣọ̀ WAEC ń béèrè àròkọ tí ọmọ yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí yóò ti to ẹ̀rí jọ, tí yóò sì fi gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀, bí agbẹjọ́rò ti ń ṣe nílé ẹjọ́, nígbà tí UTME kàn ní kí ó mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin. Ó tọ́ kí àwọn yunifásítì fún èsì méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ kí ọmọ tó ra fọ́ọ̀mù.