Àkísà Àgbà Kì í Ṣe Pàǹtí

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí lọ́kàn. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan láàyè láti tọ́jú ohun kan ṣoṣo tó mú wá láti ilé, bí nǹkan náà tiẹ̀ ti gbó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìró àdìrẹ kan wà nínú àpótí mi. Màmá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ló ni ín. Ó ti ṣá, etí rẹ̀ kan sì ti ya. Ní Sátidé kan, nígbà àyẹ̀wò họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ń yẹ àpótí wò fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku. Ó ní, "Àkísà wo lèyí? Lọ dà á nù." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó wá ní kí n sọ ohun tó wà lára aṣọ náà tí mi ò fi lè jù ú nù. Mi ò rí nǹkan sọ ju "ti màmá mi àgbà ni" lọ. Ó ní kí n gbé e lọ sílé tí a bá ti gba ìsinmi, kí òun má sì rí i mọ́.

Nígbà tí màmá mi wá kí mi, mo béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Àwọn òpó tí wọ́n yà sára rẹ̀, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni, èyí tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1929. Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe irú àdìrẹ bẹ́ẹ̀. Aṣọ yìí ni Màmá àgbà fi pọn màmá mi, òun náà ni wọ́n fi pọn èmi. Mo wá bi wọ́n pé ta ló rà á fún Màmá àgbà. Màmá mi dákẹ́. Wọn ò mọ̀. Màmá àgbà sì ti kú lọ́dún tó kọjá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Owó lè ra aṣọ tuntun lónìí, àmọ́ ọdún ló ń sọ aṣọ di àkísà. Tí wọ́n bá da tèmi nù, kò sí ọjà kankan, ìbáà ṣe ní Jos níbí tàbí ní Gbági, tí mo ti lè rí òmíràn rà.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Hausa ní tẹ̀súbáà bàbá rẹ̀ àgbà. Ó ti gbó ju aṣọ mi lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kó jù ú nù, torí gbogbo èèyàn mọ ohun tí wọ́n ń fi tẹ̀súbáà ṣe. Aṣọ mi náà ń ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí àárò ilé bá ń sọ mí, òun ni mo fi ń bojú sùn.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá họ́sítẹ́ẹ̀lì á ní yàrá kéré, pé eku àti aáyán fẹ́ràn aṣọ àtijọ́. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ohun kan ṣoṣo. Kó mọ́, kó sì gba inú ọ̀rá kékeré. Ẹni tó bá ni ín gbọ́dọ̀ kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Yorùbá sínú ìwé, kó fún ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀dà kan. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ béèrè.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Nǹkan ò lẹ́nu. Tí àwa tó ni ín ò bá rí nǹkan sọ nípa rẹ̀, kí la fẹ́ kí ẹlòmíì pè é bí kò ṣe àkísà?

Èmi ti kọ ìtàn aṣọ tèmi. Ibi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó rà á wà, mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀.