Ẹ Má Fi "A Ò Ní Í Pẹ́ Lọlé" Tan Ara Yín Jẹ

Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Kristẹni Yorùbá tó ń gbé Côte d'Ivoire fi ń tan ara wa jẹ: "A ò ní í pẹ́ lọlé." A bímọ, a kò gba ìwé ìbí rẹ̀, a ò ní í pẹ́ lọlé. Wọ́n pe ìpàdé àdúgbò, a kò yọjú. A ò ní í pẹ́ lọlé. Ọdún ń gorí ọdún, a kò tíì lè fi èdè Baoulé kí ìyá tí àtẹ rẹ̀ kángun sí tiwa. Lóòótọ́, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé N'Gattakro ní Bouaké lónìí, N'Gattakro náà ni Ọlọ́run ti ń wo ìwà rẹ̀, kì í ṣe Èjìgbò tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rò pé òun máa padà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà láyé àwọn Júù. Nígbà tí Nebukadinésárì kó wọn lọ sí Bábílónì, wòlíì méjì sọ̀rọ̀. Hananáyà ní ọdún méjì péré ni gbogbo rẹ̀ máa fi parí. Jeremáyà ní àádọ́rin ọdún ni. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ìgbèkùn pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n gbé ìyàwó, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà, nítorí bí ìlú náà bá rọgbọ ni ara tiwọn máa tó rọ̀. Ọ̀rọ̀ Hananáyà ló dùn létí, ti Jeremáyà ló ṣẹ. Hananáyà gan-an kò rí òpin ọdún tó sọ̀rọ̀ náà. Títí dòní ni irú wòlíì bẹ́ẹ̀ ṣì ń rí oníbàárà: ẹni tó máa sọ fún oníṣòwò pé kó ta ọjà rẹ̀ kó máa dúró de iṣẹ́ ìyanu láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn àgbà Bouaké kò nílò oníwàásù kó tó yé wọn pé àlàáfíà ìlú ni àlàáfíà àlejò. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ogun bẹ̀rẹ̀. Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ilé ìfowópamọ́ tì pa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá gba Abidjan lọ. Ó di ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2007 kí wọ́n tó dáná sun àwọn ohun ìjà nínú pápá ìṣeré ìlú yìí láti fi hàn pé ìjà tán. Bí ìlú bá gbóná, àlejò kì í rí ibi tútù jókòó sí. Nítorí náà, bí àsìkò ìdìbò bá dé, má ṣe jẹ́ kí ẹnu tìrẹ ló gbé àhesọ láti agboolé kan dé èkejì. Ẹni tó ń gbàdúrà àlàáfíà lọ́jọ́ Ìsinmi, tó tún ń fi fídíò ìkórìíra ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wó ohun tó kọ́.

Ẹ wo Jósẹ́fù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí wọ́n tà á. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Láàárín ọdún mẹ́tàlá yẹn, ẹrú ni, ó tún di ẹlẹ́wọ̀n, síbẹ̀ kò sọ pé ìgbà tí kì í ṣe ilé bàbá òun, kí òun máa jí nǹkan Pọ́tífárì. Ìwà yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mọ àlá tó ń túmọ̀. Nígbà tó dúró níwájú Fáráò, kó tó dé ipò, ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n kó ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè pamọ́ nínú ọdún méje ọ̀pọ̀. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ń tà lónìí, ṣé o ń mú ìdá kan nínú márùn-ún èrè rẹ pamọ́? Má sì kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Ọdún 2002 kọ́ wa pé ogun lè dé lójijì.

Pọ́ọ̀lù náà wà. Ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ láti nà án nígbà tó béèrè bóyá òfin gbà wọ́n láyè láti na ọmọ Róòmù tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹ̀rù ba ọ̀gágun. Ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kò ní kó má mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí lọ́dún 1979 fún wa láyè láti wọ ìlú ara wa fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé ìrìnnà tó péye ló wà fún. Òfin Côte d'Ivoire ní kí a lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tí a bí i. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, iwájú adájọ́ ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ tí kò ní extrait (ìwé ìbí), ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ girama á há mọ́ ọn, àwa òbí rẹ̀ la sì fà á.

Kíláúdíù ọba Róòmù lé Àkúílà àti Pírísílà kúrò nílùú. Wọ́n dé Kọ́ríńtì, wọ́n tún ń pàgọ́ tà, wọ́n gba Pọ́ọ̀lù sílé. Ní Éfésù, wọ́n kọ́ Ápólò lẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí wọ́n bá dé, wọ́n ń fi nǹkan sílẹ̀ fún onílé. Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Gáánà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá kó ẹrù, ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn sì ṣófo, nítorí èdè wa nìkan ni wọ́n fi ń sìn níbẹ̀. Ìjọ tó bá ti onílé mọ́ta, ọjọ́ tí àlejò bá lọ ni ó kú.

Nítorí náà, kí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó pé, ẹ jẹ́ ká ṣe mẹ́ta. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ní ìwé ìbí lọ sí mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìlú), tàbí sí ilé ẹjọ́ bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá. Kí oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá kan nínú márùn-ún èrè sọ́tọ̀. Kí ìjọ tó ń fi Yorùbá nìkan wàásù wá ẹni tí yóò máa túmọ̀ sí Faransé tàbí Baoulé. Bí a bá padà sílé lọ́dún tó ń bọ̀, a kò pàdánù ohunkóhun. Bí a kò bá sì lọ, a ó ti fi ọdún náà gbé ayé bí ọmọlúàbí.