Ẹ Fi Ọwọ́ Bo Àwòrán Náà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìjàn-Èkìtì, ẹ bá mi dán nǹkan kan wò lálẹ́ òní. Ẹ pe ọmọ yín tó wà ní kíláàsì kejì, ẹ ní kó mú ìwé kíkà rẹ̀ wá. Tó bá ti kà á tán geere, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán, kẹ́ ẹ ní kó tún un kà.

Mo ṣe é fún ọmọ àbúrò mi kan. Ìlà mẹ́rin ló kà fún mi láìkọsẹ̀. Mo bo àwòrán, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo ṣí ọwọ́, mo fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "hen". Ó yọjú wo àwòrán, ó ní, "Fowl." Adìẹ ló kà, kò ka lẹ́tà kankan. Ọmọ náà kò gọ̀ o. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe: olùkọ́ á pè é, kíláàsì á gbè é, títí yóò fi wọ orí. Lọ́jọ́ òpin sáà, àwa náà á pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní 2022, UNICEF sọ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré tàbí kó ṣe ìṣirò kékeré. Ẹ má ṣe rò pé ọmọ Èkìtì kò sí nínú wọn nítorí pé à ń pe ara wa ní ilẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bèèrè: kí ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ kíláàsì kìíní ní Ìjàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí jẹ́ ìwé ìró lédè Yorùbá. Ìwé ìró ni ìwé tí kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tí olùkọ́ kò tíì kọ́ ọmọ. Ká ní lẹ́tà mẹ́jọ péré ni ọmọ mọ̀: a, b, d, e, i, l, n, w. Ẹ wo ohun tó ti lè kà:

Bàbá dé. Bàbá wá ewé, wá ewé. "Adé, ewé dà?" "Bàbá, ewé wà ní ilé."

Ìtàn ti délẹ̀ nìyẹn. Tí ọmọ bá kà á tán, ẹ bi í: kí ni bàbá fẹ́ fi ewé ṣe? Ọ̀kan á ní wọ́n fẹ́ fi pọ́n móínmóín, òmíràn á ní ẹ̀kọ ni. Ìwé kò sọ ọ́. Ọmọ ló fi òye gbé e jáde. Ẹni tó bá ní fóníìsì, ìyẹn fífi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ ní kíkà, kì í jẹ́ kí ọmọ ronú, kó wá jókòó síbi ìbéèrè yẹn.

Ẹ tún wo wá àti wà. Àmì orí nìkan ló yà wọ́n. Ẹ yọ àmì kúrò, kó ku "baba wa ewe": ṣé bàbá ń wá ewé ni, àbí bàbá tiwa? Àgbàlagbà á méfò, á sì bọ́ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní ohun tó máa fi méfò. Lójú tèmi, ìwé tí kò lámì kò yẹ kó wọ kíláàsì kìíní rárá.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwa olùkọ́ máa ń ṣe. À ń pe d ní "dí". Ọmọ á so "dí" mọ́ "é", "díé" ni yóò jáde, kò ní í rí "dé". Ìró ni kí ẹ pè. Ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu tí a fi orin kọ́ nígbà tiwa sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ a kọ orin tán, a ò rí ìwé tí a ó ti lò ó.

Àwọn kan á ní fóníìsì Gẹ̀ẹ́sì ti wà. Òótọ́ ni. Jolly Phonics ti dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ní Nàìjíríà, ìró Gẹ̀ẹ́sì 42 ló sì ń kọ́ni. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ní 1986, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìwé kíkà, Philip Gough àti William Tunmer, ṣàlàyé pé kíkà tó yéni jẹ́ ìsọdipúpọ̀ nǹkan méjì: pípe ohun tí a kọ, àti gbígbọ́ èdè tí a fi kọ ọ́. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ Ìjàn tó pe "hen" dáadáa, tí kò gbọ́ "hen" rí, òdo ló wà. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni, ó ti kó gbígbọ́ wá látilé, láti ẹnu ìyá rẹ̀ àti láti ọjà. Pípè nìkan ló kù tí a ó fi kún un, lẹ́tà 25 péré ni, ìró wọn kì í sì í yí padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

A ti rí i ṣe rí. Ní oṣù kìíní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí olùkọ́ tirẹ̀ ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Mo mọ̀ pé ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti wọ́gi lé ìlànà 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí ló ń fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìlànà 2022 kò tíì jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ló dé WAEC? Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbà fún wọn, wákàtí Yorùbá ṣì wà lórí àtẹ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni kí ìwé ìró wọlé sí.

Ẹnìkan bi mí pé, ọmọ wa ń sọ ulé àti ugi, ìwé ń kọ ilé àti igi, ṣé kò ní í dà wọ́n rú? Kí olùkọ́ sọ ọ́ fún wọn ní gbangba: ohun tí à ń pè ní ulé nílé wa, ilé ni ìwé ń kọ ọ́. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ní kí wọ́n na ọmọ.

Ní ti owó, pépà A4 mẹ́rin tí a ká sí méjì, ìwé olójú-ewé mẹ́rìndínlógún ni. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Gbọnyin ra pépà, kí SUBEB Èkìtì yan olùkọ́ díẹ̀ tí yóò kọ ìtàn, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ san owó fọ́tòkọ́pì. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀ lójú ọ̀nà Ìjàn, lẹ́bàá Pólì. Ìtàn Adé àti ewé tó wà lókè yìí, ẹ máa mú un lọ. Ẹ kàn rí i pé àmì orí rẹ̀ pé kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.